Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Lọ́ọ̀kì Márùn-ún Tí Ó Ń Gbé Ọkọ̀ Gun Òkè ní Bingley

Àwòrán kan tí a tẹ̀ sínú ìtẹ̀jáde tí ó kọjá ni ó mú kí lẹ́tà pọ̀ lọ́dọ̀ wa lóṣù yìí. Ìlú Bingley ní West Yorkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a ti ya àwòrán náà. Ọkọ̀ ojú omi kan wà láàárín ògiri òkúta gíga méjì, ilẹ̀kùn pákó ńlá wà níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn mìíràn tún tò léra wọn lọ sókè. Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ jọ ara wọn púpọ̀, nítorí náà a yan márùn-ún nínú wọn, a sì fún èyí tí ó ṣòro jù ní àyè tí ó tó.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo wo àwòrán náà títí, n kò rí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Ṣé abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀rọ tí ó ń gbé ọkọ̀ náà sókè pamọ́ sí? Ìsàlẹ̀ ṣáá ni èmi mọ̀ pé omi ń ṣàn sí.

ÌDÁHÙN: Kò sí ẹ̀rọ kankan lábẹ́ ilẹ̀. Omi fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ náà, ènìyàn kàn ń ṣí ọ̀nà fún un, ó sì ń dí ọ̀nà mọ́ ọn ni. Ohun tí ẹ rí nínú àwòrán kì í ṣe odò àdáyébá. Odò àgbẹ́ ni, Leeds and Liverpool Canal ni orúkọ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì gbẹ́ ẹ la àárín àwọn òkè Pennine kọjá kí ọkọ̀ lè máa kó èédú, òkúta ẹfun àti irun àgùntàn káàkiri láàárín ìlú Leeds àti èbúté Liverpool. Omi inú odò àgbẹ́ ní láti dúró pẹrẹsẹ, nítorí bí wọ́n bá jẹ́ kí ó dagẹ̀rẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò ṣàn lọ, ẹṣin tí ó ń fa ọkọ̀ láti etí bèbè kò sì ní lè fà á lòdì sí irú ìṣàn bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀, ní tirẹ̀, kì í dúró pẹrẹsẹ fún ẹnikẹ́ni. Níbi tí ó bá ti ga sókè, ńṣe ni wọ́n máa ń gé odò náà sí ìpele ìpele, wọn á sì kọ́ lọ́ọ̀kì sí ibi tí ìpele kan ti pàdé èkejì.

Yàrá òkúta tí kò ní òrùlé ni lọ́ọ̀kì. Ilẹ̀kùn wà ní ìhà òkè rẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní ìhà ìsàlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, omi inú yàrá gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀ kí ó bá omi ìta dọ́gba kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ọkọ̀ á wọlé, wọn á ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, wọn á sì wá ká ìdérí àwọn ihò omi tí ó wà ní ìhà òkè sókè díẹ̀díẹ̀. Omi á máa wọlé láti ìpele òkè, ọkọ̀ á máa léfòó bí omi ṣe ń kún, títí omi inú yàrá yóò fi bá ti òkè dọ́gba. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn òkè yóò ṣeé ṣí, tí ọkọ̀ yóò sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tí ó ń sọ̀kalẹ̀ á wọ yàrá tí ó ti kún, wọn á sì jẹ́ kí omi rẹ̀ dà sí ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin gan-an ni ẹ sọ òtítọ́: ìsàlẹ̀ ni omi ń ṣàn sí, ní lọ́ọ̀kì pẹ̀lú. Ọkọ̀ ni ó gòkè, omi kò gòkè. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ kan bá gba inú lọ́ọ̀kì kọjá, ì báà máa gòkè, ì báà máa sọ̀kalẹ̀, omi yàrá kan yóò ti ìpele òkè kúrò lọ sí ti ìsàlẹ̀, kò sì ní padà fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí bí ẹ ṣe ń ka àwọn ìdáhùn tí ó kù, nítorí ọ̀rọ̀ lọ́ọ̀kì, láti orí ìkọ́lé rẹ̀ dé orí bí wọ́n ṣe ń lò ó lójoojúmọ́, kò ju ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe ná omi náà lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti rí lọ́ọ̀kì ẹyọ kan rí nínú fídíò. Èyí tí ẹ gbé jáde yìí jẹ́ márùn-ún tí ó so mọ́ra. Kí ló dé tí wọn kò fi kọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Kí ni ó sì ń ṣẹlẹ̀ bí ọkọ̀ kan bá ń gòkè tí òmíràn ń sọ̀kalẹ̀ lákòókò kan náà?

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè yìí ni ó wọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ lórí rẹ̀.

Ní Bingley, odò àgbẹ́ náà ní láti gòkè ní nǹkan bí mítà 18 láàárín ibi tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà 100 lọ. Kò sí ọ̀wọ́ lọ́ọ̀kì tí ó dagẹ̀rẹ̀ gan-an láàárín àyè kúkúrú tó báyìí ní gbogbo ilẹ̀ Britain. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ lọ́ọ̀kì márùn-ún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ síbẹ̀, wọ́n ní láti fi odò tí ó gùn díẹ̀ sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sì sí àyè fún un lórí ilẹ̀ tí ó ga bẹ́ẹ̀. Èyí ni ó mú kí wọ́n tò wọ́n léra, tí ilẹ̀kùn òkè yàrá kan fi jẹ́ ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ yàrá tí ó tẹ̀ lé e. Lọ́ọ̀kì márùn-ún tí ó dá dúró yóò nílò ìlà ilẹ̀kùn 10. Ti Bingley kò ní ju 6 lọ. Wọ́n fi èyí dín òkúta, pákó àti iṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin tí ó le rọ́pò ohun tí wọ́n dín kù. Nínú lọ́ọ̀kì ẹyọ kan, bí ẹnì kan bá ṣi iṣẹ́ ṣe, odò tí ó wà lókè àti ní ìsàlẹ̀ yóò gba àṣìṣe náà mọ́ra. Nínú lọ́ọ̀kì alátẹ̀gùn, kò sí odò láàárín. Yàrá kan kò ní ibòmíràn tí yóò ti gba omi àfi inú yàrá tí ó wà lórí rẹ̀, kò sì ní ibòmíràn tí yóò da omi tirẹ̀ sí àfi inú èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a pe yàrá ìsàlẹ̀ pátápátá ní ìkíní, kí a sì pe ti òkè pátápátá ní ìkarùn-ún. Kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, omi yàrá kìíní gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀, mẹ́rin yòókù sì gbọ́dọ̀ kún. Ọkọ̀ á wọ yàrá kìíní, wọn á sì da omi yàrá kejì sínú rẹ̀. Bí ìkíní ṣe ń kún ni ìkejì ń wálẹ̀, títí àwọn méjèèjì yóò fi dọ́gba, tí ọkọ̀ á sì bọ́ sínú ìkejì. Wọn á da ti ìkẹta sínú ìkejì, ti ìkẹrin sínú ìkẹta, ti ìkarùn-ún sínú ìkẹrin. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé yàrá karùn-ún, odò òkè fúnra rẹ̀ ni yóò kún un. Bí ọkọ̀ bá ti jáde, gbogbo yàrá márààrún ni yóò kún dẹ́nu, omi yàrá kan ṣoṣo ni ó sì ti odò òkè wá. Bí ọkọ̀ mìíràn bá tún fẹ́ gòkè, kí wọ́n da omi yàrá kìíní sí odò ìsàlẹ̀ ni ó kù, gbogbo nǹkan á sì tún wà ní sẹpẹ́.

Fún ọkọ̀ tí ó ń sọ̀kalẹ̀, ètò náà yí padà pátápátá: yàrá karùn-ún ni ó gbọ́dọ̀ kún, mẹ́rin yòókù gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀ kí wọ́n lè gba omi tí ọkọ̀ ń gbé bọ̀. Ẹ wá wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọkọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè tán, gbogbo yàrá kún. Bí ọkọ̀ kan bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní láti da omi yàrá mẹ́rin nù sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó lè gbà á. Lẹ́yìn tí ó bá sọ̀kalẹ̀ tán, gbogbo yàrá ti wálẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ gòkè, wọ́n ní láti tún fa omi yàrá mẹ́rin láti odò òkè wá. Bí a bá fi ìwọ̀n yàrá ṣe ìṣirò, omi tí ó ń kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní lítà 250,000. Yíyí ètò padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò ná wọn ní ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù lítà kan.

Ìdí nìyí tí àwọn olùtọ́jú lọ́ọ̀kì kì í fi í jẹ́ kí ọkọ̀ máa gòkè sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó bá ṣe wù ú. Wọ́n máa ń kó àwọn tí ó ń gòkè jọ, kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, lẹ́yìn náà ni wọn á yí ètò padà fún àwọn tí ó ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó bá dé nígbà tí kì í ṣe tirẹ̀ á dúró. Àwọn arìnrìn-àjò kan máa ń kùn nípa ìdúró yìí, ṣùgbọ́n ní tèmi, ìdúró náà tọ́, nítorí omi gbogbo ènìyàn ni àwọn olùtọ́jú náà ń ṣọ́. Ọkọ̀ ẹrù tí ó fẹ̀ kò lè kọjá lára ẹnìkejì rẹ̀ nínú yàrá wọ̀nyí, nítorí fífẹ̀ yàrá kan kò ju mítà mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ nǹkan bí mítà méjì, lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n sì jọ gòkè, olùtọ́jú sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀, nítorí omi ọkọ̀ kan ni méjì fi kọjá.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ewu kò wà níbẹ̀? Ó dà bí ẹni pé bí ilẹ̀kùn kan bá já, ọkọ̀ àti àwọn inú rẹ̀ á bá omi lọ.

ÌDÁHÙN: Ewu wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti ibi tí ẹ fojú sí. Ilẹ̀kùn lọ́ọ̀kì ní abala méjì. Nígbà tí a bá tì wọ́n, wọn kì í nà gbọọrọ. Etí wọn á pàdé láàárín, igun ibi tí wọ́n ti pàdé á sì kọjú sí ìhà òkè, níbi tí omi ti ń tì wọ́n bọ̀. Bí omi bá ṣe ń tì wọ́n tó ni etí méjèèjì ṣe ń fún mọ́ra tó. Bí omi ìhà kan bá fi mítà mẹ́ta àti ààbọ̀ ga ju ti ìhà kejì lọ, ohun tí omi náà fi ń ti ilẹ̀kùn tí ó fẹ̀ tó ti Bingley lé ní ìwúwo tọ́ọ̀nù 20. Kò sí ènìyàn tí ó lè ṣí i nígbà náà, bó ti wù kí ó lágbára tó. Ṣùgbọ́n bí omi ìhà méjèèjì bá ti dọ́gba, ẹnì kan á fi ẹ̀yìn ti igi gígùn tí ó nà jáde lára ilẹ̀kùn náà, á sì ṣí. Leonardo da Vinci ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ka irú ilẹ̀kùn tí igun rẹ̀ kọjú sí omi yìí sí lọ́rùn, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Milan, nílẹ̀ Ítálì, ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún.

Lọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ti wà tipẹ́ kí Leonardo tó dé ayé. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 984, Qiao Weiyue, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ìrìnnà ẹrù ní Huainan, kọ́ ọ̀kan sórí Grand Canal, odò àgbẹ́ ńlá ilẹ̀ náà. Ṣáájú ìgbà náà, ńṣe ni wọ́n máa ń fi okùn wọ́ ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ dídagẹ̀rẹ̀ láti ìpele kan dé èkejì. Ọkọ̀ ń fọ́, àwọn olè sì ń dúró dè wọ́n níbẹ̀ láti jí ìrẹsì ìjọba kó. Èyí ni ó mú Qiao Weiyue wá ọ̀nà mìíràn.

Ewu tí ó wà ní ti gidi jẹ́ ti ọkọ̀ tí ó ń sọ̀kalẹ̀. Lábẹ́ ilẹ̀kùn òkè yàrá kọ̀ọ̀kan, òkúta kan yọ síwájú sínú yàrá, níbi tí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn náà ti jókòó. Nígbà tí omi bá kún, ojú kò lè rí i. Bí ìdí ọkọ̀ bá wà lórí òkúta yìí nígbà tí omi ń wálẹ̀, òkúta á gbé ìdí rẹ̀ dúró, imú ọkọ̀ á sì máa rì lọ pẹ̀lú omi, ọkọ̀ náà lè dojú dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe kun ìlà funfun sára ògiri: ìdí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sí lẹ́yìn ìlà náà. Bí ọkọ̀ bá há, kí a yára dí ihò omi tí ó ń fa omi jáde ni àkọ́kọ́, kí a tó ronú kan ohunkóhun mìíràn. Ní Bingley, ìdí kejì wà fún ìṣọ́ra: bí ẹnì kan bá da omi sínú yàrá tí ó ti kún tẹ́lẹ̀, omi náà á bo ògiri, á sì ṣàn dà sórí ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ kankan kò fi gbọdọ̀ dá kọjá níbẹ̀ láìjẹ́ pé olùtọ́jú wà níbẹ̀ láti darí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn wo ni ó kọ́ ọ, báwo sì ni àwọn ará ìlú ṣe gbà á nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i?

ÌDÁHÙN: John Longbotham, ọmọ Halifax, ni onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi iṣẹ́ gbogbo odò náà lọ James Brindley, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nígbà náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí a dárúkọ àwọn tí ó gbẹ́ òkúta, nítorí wọ́n sábà máa ń yọ wọ́n kúrò nínú ìtàn: Barnabus Morvil, Jonathan Farrar àti William Wild, ará Bingley, àti John Sugden láti Wilsden. Ògiri tí àwọn ọmọ àdúgbò wọ̀nyí mọ náà ni ó ṣì ń gba omi dúró.

Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹta, ọdún 1774, ni wọ́n ṣí i. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ìgbà náà, nǹkan bí ènìyàn 30,000 ni ó péjọ, wọ́n lu agogo ìjọ, àwọn ológun yin ìbọn, ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì sọ̀kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 28. Lónìí, ọkọ̀ lè lo wákàtí kan tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ronú wò pé ọ̀pọ̀ nínú èrò yẹn ni kò tíì rí ọkọ̀ tí ó gun òkè rí ní gbogbo ayé wọn. Síbẹ̀, ọ̀nà ṣì jìn sí ìparí iṣẹ́: owó tán lẹ́yìn ọdún díẹ̀, iṣẹ́ dúró, ọdún 1816 ni odò àgbẹ́ náà tó jáde sí òdìkejì òkè, tí gígùn rẹ̀ sì pé máìlì 127.

ÌBÉÈRÈ: Bí kò bá sí ọkọ̀ ẹrù mọ́, èwo ni ti ìnáwó lórí rẹ̀? Kí ló dé tí wọn kò fi ilẹ̀kùn irin tí kì í jẹrà síbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Òtítọ́ ni pé ọkọ̀ ẹrù ti kúrò lórí odò náà, ojú irin àti ọkọ̀ akẹ́rù ti gba iṣẹ́ wọn. Àwọn tí wọ́n ń fi ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ìgbafẹ́, àti àwọn tí wọ́n ń gbé inú ọkọ̀, ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá báyìí. Canal & River Trust, ẹgbẹ́ aláàánú tí ó gba ìtọ́jú àwọn odò àgbẹ́ England àti Wales lọ́wọ́ British Waterways ní ọdún 2012, ni ó ń bójú tó o. Bí lọ́ọ̀kì náà bá dáwọ́ dúró, kì í ṣe Bingley nìkan ni yóò kàn. Láti òkè rẹ̀, odò náà lọ ní máìlì 17 láìsí lọ́ọ̀kì kankan títí dé ẹ̀bá Gargrave, gbogbo ọkọ̀ tí ó wà lórí ìpele gígùn yìí ni kò sì ní rí ọ̀nà lọ sí Leeds. Omi pẹ̀lú kì í sábà tó. Ní ọdún 2010, ọ̀gbẹlẹ̀ fa omi àwọn adágún tí ó ń bọ́ odò náà gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ti apá ńlá nínú rẹ̀ pa. Omi tí wọ́n bá pàdánù nítorí ilẹ̀kùn tí ó ń jò jẹ́ omi tí wọn kò ní rí lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní ti irin, ìjọba ti ka lọ́ọ̀kì náà mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ipò Grade I, ipò tí ó ga jù lọ nínú ètò ìdáàbòbò ilé àti ohun àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni kò lè déédéé yí ohun tí wọ́n fi ṣe é tàbí ìrísí rẹ̀ padà. Pákó igi óákù (oak) ni wọ́n ń lò fún ilẹ̀kùn, bí ti àtijọ́, nǹkan bí ọdún 25 sì ni ọ̀kan máa ń lò kí ó tó di pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ohun rere wà nínú pákó yìí tí irin kò ní: bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ó máa ń wú, etí ilẹ̀kùn méjèèjì á sì túbọ̀ fún mọ́ra. Àgbàlá iṣẹ́ kan wà ní Stanley Ferry, nítòsí Wakefield, níbi tí àwọn káfíńtà ti ń ṣe irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ṣe é sílẹ̀ kí wọ́n máa retí ẹni tí yóò lò ó, nítorí kò sí yàrá méjì tí ìwọ̀n wọn bára mu délẹ̀. Wọ́n ní láti wọn ẹnu yàrá kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gé pákó. Ìgbà òtútù, nígbà tí ọkọ̀ bá dín kù, ni wọ́n máa ń fa omi yàrá gbẹ, kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn tí ó ti gbó, kí wọ́n sì fi kíréènì gbé tuntun sí àyè rẹ̀. Wọ́n máa ń ṣí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún aráàlú nígbà mìíràn, kí wọ́n lè sọ̀kalẹ̀ wọ inú yàrá gbígbẹ. Bí ẹ kò bá sì bá irú àkókò bẹ́ẹ̀ pàdé, ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà fa ọkọ̀ nígbà kan ṣì wà létí bèbè, ẹnikẹ́ni lè fẹsẹ̀ rìn ín láti yàrá kìíní dé ìkarùn-ún, kò sì sí owó tí wọ́n ń gbà.